Orúkọ Faransé Tí Mo Sọ Àwọn Ọmọ Wọ́rì

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Tóyìn ló fà á. Ọmọ ìjọ wa ni Tóyìn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó wá jókòó tì mí lẹ́yìn ìsìn, ó ní òun fẹ́ lọ kọ́ èdè Faransé ní yunifásítì kí òun lè di olùkọ́, bàbá òun sì ní ta ló ń fi Faransé jẹun ní Wọ́rì. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi náà nìyí, mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì tún ń fi jẹun lórí fóònù báyìí. Yorùbá ni mo fi dá a lóhùn, Pijin ló sì fi bi mí padà, bí àwọn ọmọ wa ti máa ń ṣe níhìn-ín: "Mummy, abeg, the work dey easy?" Mo ní kó jẹ́ kí n lọ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Èsì náà ni mò ń kọ yìí.

Kí ẹlòmíràn tó sọ fún yín, ojo ni mí. Bí ilẹ̀kùn bá dún gbàmù, àyà mi á já. Bàbá Fúnmi, ọkọ mi, máa ń sọ pé bí mi ò bá rí ohun tí mo máa bẹ̀rù nílé, mà á lọ yá a lọ́wọ́ aládùúgbò. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé mò ń gbọ̀n nínú ìtàn yìí, bí mo ṣe rí gan-an nìyẹn. Ní ti bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ àti owó oṣù, ọ̀rọ̀ náà kò gùn: wọ́n gbà mí, wọ́n sì ń san án nígbà tó bá wù wọ́n.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti kọ́ mi níṣẹ́, ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Ọ̀gá tó kọ́ wa wá láti Àjàṣẹ́, lẹ́yìn ibodè lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá nílé, tí wọ́n ń sọ Faransé níléèwé. Músíọ̀ là ń pè é. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, aṣọ rẹ̀ kì í rún, kì í sì í pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo wa ló ń bẹ̀rù rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó ń sọ wá lórúkọ Faransé lọ́kọ̀ọ̀kan kí a tó wọlé. Nígbà tó kàn mí, ó ní kí n máa jẹ́ Delphine.

Mo ní, "Sà, bàbá mi ti sọ mí ní Adébísí."

Ó ní, "Bàbá rẹ kò sí nínú kíláàsì yìí. Fi orúkọ rẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó o bá ń jáde, wàá bá a níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa jí i."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Àwa la ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, àwa náà la ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ọkùnrin wo ló máa wá já ìjánu mi lójú ọ̀nà? Àmọ́ Músíọ̀ kò fi ṣeré. Bó bá pè ọ́ ní orúkọ ilé rẹ nínú kíláàsì, tó o sì jẹ́ ẹ, ìta lo máa dúró sí títí ẹ̀kọ́ á fi parí. Ó sì mọ bó ṣe ń tan ni. Bí a bá ti gbàgbé ara wa, á fi ohùn ìyá èèyàn pè é: "Adébísí, wá gba ẹ̀kọ rẹ." Bí mo bá yí ọrùn báyìí, ó parí nìyẹn. Mo dúró níta tó bẹ́ẹ̀ tí èmi àti bàbá tó ń gé koríko ọgbà fi di ọ̀rẹ́.

Òfin rẹ̀ kejì ni pé etí ló ń ṣáájú ojú. Kò jẹ́ kọ ọ̀rọ̀ kankan sára pátákó kí a tó gbọ́ ọ nínú ẹ̀rọ téèpù rẹ̀ tó wúwo, kí a sì sọ ọ́ dáadáa. Á ní kí a di ojú, kí a sọ ohun tí a ń gbọ́. Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́, tí mo ń lọ, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Delphine, sọ àwọn ọmọ tó o máa kọ́ lórúkọ. Ọmọ tí ojú ń tì láti ṣàṣìṣe, orúkọ kejì ló máa fi sọ̀rọ̀. Á rò pé ẹlòmíràn ló ń ṣìṣe." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi jẹ́ olùkọ́ títí dòní.

Iṣẹ́ ọkọ mi ní èbúté ọkọ̀ ojú omi ló gbé wa dé Wọ́rì. A gba yàrá méjì ní Ìgbudu, wọ́n sì gbà mí sí ilé-ìwé kan. Èmi nìkan ni mò ń kọ́ Faransé níbẹ̀. Mo sọ àwọn ọmọ lórúkọ lẹ́nu ọ̀nà bí Músíọ̀ ti ṣe, mo sì ń sọ fún wọn lójoojúmọ́ ní Faransé kí a tó bẹ̀rẹ̀: "Kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi orúkọ ilé yín sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà." Àwọn ọmọ Wọ́rì fẹ́ràn yẹ̀yẹ́, orúkọ náà sì bá wọn lára mu. Wọ́n gbé e jáde lọ sí àdúgbò. Mo ti gbọ́ tí ìyá kan ń pariwo ní ọjà Ìgbudu pé, "Colette, come carry this pepper."

Kásẹ́ẹ̀tì ni irinṣẹ́ mi nígbà yẹn, àti rédíò tí mo fi ń gbọ́ ìròyìn Faransé láàárọ̀. Ọ̀rinrin Wọ́rì kò fẹ́ràn kásẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ̀rọ bá jẹ okùn rẹ̀, pẹ́ńsù ni mo fi ń ká a padà, títí ohùn inú rẹ̀ á fi máa wọ́ bí ohùn aláìsàn. Nígbà tí mo ti di ọ̀gá nínú kíká kásẹ́ẹ̀tì ni wàhálà dé.

Ẹ̀yà ń bá ẹ̀yà jà. Mi ò ní sọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èmi ò mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá sì sọ pé òun mọ̀ ọ́n, ẹ wo ibi tí ilé rẹ̀ wà ná. Wọ́n á ti ilé-ìwé pa, wọ́n á ṣí i, wọ́n á tún tì í. Ìyá ẹlẹ́ja tó ń ti abúlé Ìjálá wá síwájú ilé wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Madam, that your language, no dey speak am loud for road." Ẹnu Ìjẹ̀bú mi jọ ti ọ̀kan nínú àwọn tó ń jà, ẹni tí kò bá gbọ́ ọ dáadáa lè ṣì mí mú. Láti ọjọ́ náà, èmi tí ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ iṣẹ́ mi wá ń yọ́ ọ̀rọ̀ sọ lójú títì. Ẹ̀rù tó wà lára mi tẹ́lẹ̀ tún bímọ.

Níléèwé, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pín ara wọn ní pápá ìṣeré. Ti ibí ò bá ti ọ̀hún ṣeré mọ́. Inú kíláàsì Faransé nìkan ni wọ́n ti ń jókòó pọ̀, nítorí pé Marcel àti Sylvie kò ní ẹ̀yà. Mo rí i, ọkàn mi kò sì balẹ̀, mo ń rò ó pé ọjọ́ wo ni ìyẹn náà máa bàjẹ́.

Àsìkò yẹn ni àwọn tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì kò wá mọ́, tèmi sì ti gbó tán. Àlàájì Múfú, ará Ògùn bíi tiwa, tó ti pẹ́ nínú òwò ní Wọ́rì, ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí sáìbà kafé sí Ìgbudu. Ó ní, "Ìyá Fúnmi, ẹ wá wò ó, gbogbo ohùn tó wà láyé ló wà níbẹ̀." Mo lọ pẹ̀lú ìfòyà. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó kún ibẹ̀ ń kọ̀wé ẹ̀tàn sí òyìnbó, èmi nìkan ló ń fi nǹkan bo etí gbọ́ orin ọmọdé Faransé. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Madam, which client you dey follow so?" Mo ní ọmọ kéréje ni àwọn oníbàárà mi.

Ẹ̀yin ọmọ, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ohun tí mo rí níbẹ̀ fún yín. Àwọn olùkọ́ ń gbé ẹ̀kọ́ wọn síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ohùn tí kò wọ́. Ibì kan tún wà tí àwọn olùkọ́ ti ń bi ara wọn léèrè. Mo bèèrè bí a ṣe ń kọ́ kíláàsì tó kún bámúbámú tí kò sí ìwé. Nígbà tí mo padà dé lọ́sẹ̀ kejì, obìnrin kan láti erékùṣù kan tí mi ò gbọ́ rí ti dá mi lóhùn, ó ní bí tòun náà ṣe rí nìyẹn, ó sì sọ ọgbọ́n tó ń dá. Láti ọjọ́ tí mo ti dé Wọ́rì, n kò ní ẹlẹgbẹ́ nínú iṣẹ́ yìí rí. Mo sunkún díẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà, Àlàájì sì rò pé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì.

Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ kan lókè òkun fẹ́ pe àwọn díẹ̀ wá gba ẹ̀kọ́ sí i, wọ́n á san owó ọkọ̀, wọ́n á bọ́ni. Bàbá Fúnmi ní fọ́-wan-náìn ni. Ó ní, "Ta ló ń fún olùkọ́ ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́? Wọ́n fẹ́ gbé ọ tà ni." Mo wò ó títí, wọn ò bèèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí n kọ́ àwọn ọmọ díẹ̀ nípasẹ̀ kọ̀ǹpútà, kí àwọn máa gbọ́ láti ọ̀hún kí wọ́n tó yan ẹni tí wọ́n máa mú. Ẹ̀kọ́ náà dá lórí bí a ṣe ń sọ ẹni tí a jẹ́ fún àlejò.

Ìlú ti rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé fọwọ́ sí i, àwọn òbí náà gbà. Mo mú ọmọ mẹ́rin: Sylvie, Marcel, Pierre àti Colette. Mi ò ní sọ orúkọ tí òbí wọn sọ wọ́n. Bí ẹ bá kó ilé wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, ẹ ti kó gbogbo àwọn tó ń jà ní Wọ́rì jọ. Fúnra mi ni mo lọ bá ìyá kọ̀ọ̀kan nílé, mo sì sọ fún un pé, "I go bring am back." Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dún létí mi, kì í ṣe ẹ̀kọ́ tí mo máa kọ́.

A jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ní kafé, àwa àti Àlàájì nìkan. Àlàájì ti so ẹ̀rọ agbóhùn mọ́ ọn. Obìnrin kan kí wa láti òkè òkun, ó ní kí a bẹ̀rẹ̀. A ò tíì rìn jìnnà nígbà tí nǹkan dún lápá ọjà. Mo kọ́kọ́ rò pé táyà ló bẹ́. Marcel ní, "Madam, na gun." Ó tún dún, àwọn èèyàn sì ń sáré kọjá níta. Àlàájì fa ilẹ̀kùn irin, gbogbo wa dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Mo gbàgbé kọ̀ǹpútà, mo gbàgbé àwọn tó ń gbọ́ wa. Colette ti ń sunkún, ó ń pe ìyá rẹ̀ ní èdè ilé wọn, mo sì mọ̀ pé èdè yẹn gan-an lè pa á tàbí kó pa ẹni tó sùn tì í.

Èmi ò mọ ẹni tó fi ọ̀rọ̀ náà sí mi lẹ́nu. Mo fi ohùn Músíọ̀, ohùn jẹ́jẹ́ yẹn, sọ ní Faransé pé, "Kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi orúkọ ilé yín sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà." Wọ́n wò mí. Ó yé wọn. Colette fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ó sì dákẹ́.

Wọ́n gbá ilẹ̀kùn. "Who dey inside? Open am before we burn this place." Àlàájì ṣí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ló wọlé, èyí tó ṣáájú gbé ìbọn dání. Wọ́n bi Àlàájì léèrè ìlú rẹ̀, ó sọ ọ́, wọ́n fi í sílẹ̀. Ó wá kan àwọn ọmọ.

Oníbọn náà na ìbọn sí Sylvie. "You, wetin be your name?"

Nígbà yẹn ni mo rò pé ó parí, nítorí pé nílùú wa lásìkò náà, orúkọ nìkan ti tó láti mọ ẹ̀yà ọmọ. Sylvie dìde jókòó. Ó ní, "Bonjour, monsieur. Je m'appelle Sylvie."

"Ehn?"

"Je m'appelle Marcel," èyí tó tẹ̀ lé e ló sọ bẹ́ẹ̀. Pierre sọ tirẹ̀. Colette yọ ọwọ́ lẹ́nu, ó sọ tirẹ̀ pẹ̀lú ẹkún lójú, bí mo ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́.

Oníbọn yíjú sí mi. "Madam, which kind people be this?"

Mo ní, "Na French class. I be dem teacher. I be Yoruba."

Ọ̀kan nínú àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní, "Dem dey lie. Ask dem their papa name."

Oníbọn náà ń wo àwọn ọmọ náà. Ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, mo sì rí i pé òun náà kò dàgbà púpọ̀. Ó ní, "Me sef do French for school. My teacher dey call me Gaston." Ó wá na ara ró, ó sọ ọ́ fún àwọn ọmọ náà, láìkùnà, "Je m'appelle Gaston." Ṣé ẹ rí ohun tí iṣẹ́ olùkọ́ ń ṣe fún èèyàn: Sylvie, ọmọ mi, dá a lóhùn bí mo ti ń kọ́ wọn, ó ní inú òun dùn láti mọ̀ ọ́n. Oníbọn náà mi orí, ó ní kí àwọn tó tẹ̀ lé e jáde. Wọ́n lọ.

A kò dìde títí àwọn ṣọ́jà fi kọjá. Àlàájì kó wa sínú bọ́ọ̀sì rẹ̀ tó fi ń kó ọjà. Ẹ̀rù ọ̀nà yẹn ju ti kafé lọ. Ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ọmọ kan ló máa dé ilé, àwọn yòókù á sì wà láàárín ọ̀tá. Faransé ni wọ́n ń sọ títí. Colette ni a gbé gbẹ̀yìn, ní Ubeji. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́bàá omi láìwé gèlè. Ó gba ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì sọ fún mi pé, "Madam, you bring am." Mo wá gbọ̀n níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Àlàájì fi dì mí mú.

Nígbà tí kafé tún ṣí, mo bá èsì àwọn ará òkè òkun. Wọ́n ní wọ́n ti gbà mí. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́, àwọn kò gbọ́ irú eré tí àwọn ọmọ ṣe yẹn rí, pé ìró ìbọn tí mo fi sí i dà bí òótọ́. Wọ́n tún yin akẹ́kọ̀ọ́ mi tó dàgbà, Gaston, wọ́n ní ẹnu rẹ̀ dá ṣáká, kí n bá wọn kí i. Mo rẹ́rìn-ín títí Àlàájì fi sáré wá. Ẹ̀rín náà di ẹkún, mi ò sì mọ ìgbà tó yí padà.

Mo kọ òótọ́ sí wọn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó fèsì, wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n ní kí n tètè wá, bí mi ò bá sì fẹ́ padà, àwọn á ràn mí lọ́wọ́. Mo lọ, mo kọ́ ohun tí mo kọ́, mo sì padà, nítorí ìdánwò àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn ti ń bọ̀. Àwọn ará Ìgbudu ní, "Madam, you see road comot, you still come back? Your head correct so?" Bàbá Fúnmi nìkan ni kò yà lẹ́nu.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbà àwọn ọ̀dọ́ agbébọn orí omi tí ń fọ́ páìpù epo dé, ẹ̀rù tún gba ọ̀nà mìíràn yọ. Irinṣẹ́ ń yí padà lákòókò yẹn: kásẹ́ẹ̀tì di sídíì, sídíì di fóònù. Mo fẹ̀yìn tì. Ní báyìí, láti pálọ̀ mi ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó wà káàkiri, wọ́n ń rí mi, mo ń rí wọn. Tóyìn, gbọ́: wá ibi tí wọ́n ti ń fúnni ní ohùn, kì í ṣe ìwé nìkan. Dara pọ̀ mọ́ àwọn olùkọ́ mìíràn níbẹ̀, ẹni tó dá nìkan ṣe iṣẹ́ yìí máa ń tètè gbó. Àǹfààní tó bá kọ́kọ́ ní kí o sanwó, sá fún un. Gbogbo ibi tó o bá dé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n á ti ní kí àwọn ọmọ kọ orúkọ wọn àti ìlú wọn. Àyà mi ṣì máa ń já síbẹ̀. Orúkọ kíláàsì ni mo ń ní kí wọ́n fi wọlé.

Láàárọ̀ Sátidé kan láìpẹ́ yìí, kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, fóònù sọ fún mi pé ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì orí fóònù mi, kí n tẹ bọ́tìnnì kó lè wọlé. Orúkọ tó wà níbẹ̀ ni Gaston. Mi ò sọ ẹnikẹ́ni lórúkọ yẹn láyé mi. Ìka mi dúró lókè. Mo ti ń gbọ́ ilẹ̀kùn irin Àlàájì.

Ìpè wọlé. Colette ni, ó ti di ìyá ọmọ, Ubeji ló ṣì ń gbé. "Madam, abeg open for my pikin, he dey wait."

Mo ní, "Colette, which kind name you give am so?"

Ó ní, "Madam, that day the other one say make he ask our papa name. He no ask. Since that time I dey pray for am, and na only that name I get take pray."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú ọmọ kékeré kan yọ, eyín iwájú rẹ̀ ti ká, ó kí mi, ó sọ orúkọ rẹ̀ fún mi ní Faransé. Mo dá a lóhùn pé inú mi dùn láti mọ̀ ọ́n, kó jókòó, kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀.